Ìlà Pupa ní Ẹ̀rọ Kejì

Ọjọ́ tí Kaothar gbé kọ̀ǹpútà wọ ilé ẹyin ni ìjà òun àti Fọlọ́runṣọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ilé ẹyin náà wà ní abúlé kan lẹ́yìn Ìyànà Ọ̀fà, níbi tí ọ̀dà ti tán tí ọ̀nà eléruku bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ ńláńlá mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tó ń sàba lé ẹyin bí àgbébọ̀ adìẹ ṣe ń ṣe, títí òròmọdìẹ yóò fi jáde. Màmá Títíladé, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ló ni ín. Fọlọ́runṣọ́ ló ń bá a mójú tó o láti ìgbà tí ẹ̀rọ ibẹ̀ ṣì jẹ́ ẹyọ kan. Díákónì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín lásán. Yóò gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ilẹ̀kùn ẹ̀rọ, yóò dákẹ́, lẹ́yìn náà ni yóò wá wo tẹmómítà, kó fi jẹ́rìí sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti sọ fún un.

Kaothar ní tirẹ̀, ọmọ Àlàájì Sàníù, àgbẹ̀ kan ní Olódò ni. Ó ti jáde ní polí, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Màmá gbà á pé kó ṣe ohun tí yóò máa ṣọ́ ooru àwọn ẹ̀rọ náà. Ohun tó ṣe kò ní àwòrán kankan. Ojú kọ̀ǹpútà yóò dúdú bíi kóró iṣin, ọ̀rọ̀ yóò wá máa jáde lórí rẹ̀ ní ìlà-ìlà: Ẹ̀rọ Kìíní, Ẹ̀rọ Kejì, Ẹ̀rọ Kẹta, lẹ́yìn náà yóò tún bẹ̀rẹ̀. Bí ooru bá ṣe déédéé, ìlà ẹ̀rọ náà yóò jáde ní àwọ̀ ewé. Bó bá gbóná jù, pupa ni yóò jáde. Kò fi nọ́ńbà sí i. Ó ní nọ́ńbà yóò ba ẹwà iṣẹ́ òun jẹ́, pé àwọ̀ ti tó.

Wọ́n tú àwọn tẹmómítà àtijọ́ kúrò kí wọ́n lè rí àyè fi ohun tí yóò máa bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ síbẹ̀. Fọlọ́runṣọ́ dúró ti Múyì, òṣìṣẹ́ tó ń tú wọn. Iṣan ọrùn rẹ̀ dìde.

"Yọ àwọ̀ yẹn kúrò," ló sọ fún Kaothar lọ́sẹ̀ náà. "Bó bá gbóná, kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó gbóná."

"Pupa ti sọ bẹ́ẹ̀, sà."

"Mo ní kí o kọ ọ́."

"Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé, sà."

Fọlọ́runṣọ́ wò ó títí. "Èmi lo ń bá wí?"

Kaothar kò yí nǹkan kan padà. Lọ́jọ́ kejì, ó bá páálí ẹyin tí wọ́n kó lé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lórí. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó gbọ́ tí Fọlọ́runṣọ́ ń sọ fún Múyì, ní ohùn tí òun náà yóò gbọ́ dáadáa, pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìgbéraga ni wọ́n lọ kọ́ ní polí. Kaothar wọ inú fáìlì tó tò àwọ̀ sí, ó sì yan pupa mìíràn tó tàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kó lè máa gún ọkùnrin náà lójú.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ó ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé e relé nínú ọjà Ìyànà Ọ̀fà nígbà tó rí Fọlọ́runṣọ́ níwájú obìnrin kan tó ń ta tòmátì. Tòmátì kan tó pupa fòò wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, èyí tí kò tíì pọ́n rárá wà lọ́wọ́ òsì.

"Èwo ló pọ́n nínú méjèèjì?" ó bi obìnrin náà.

"Ẹ̀yin náà, Díákónì, ẹ fẹ́ràn àwàdà," ni obìnrin náà wí.

Fọlọ́runṣọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé méjèèjì sún mọ́ ojú, ó tún wò wọ́n, ó wá dá wọn padà. "Bá mi ṣà á."

Lójú ẹsẹ̀ ni ó yé Kaothar. Ó ti kà á rí pé àwọn ọkùnrin kan wà tí a bí bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ pé bákan náà ni pupa àti àwọ̀ ewé rí lójú wọn. Ó wọkọ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn títí dé Olódò, bí ẹni tó he ọ̀bẹ lójú ọ̀nà lọ́jọ́ tó ní ọ̀tá. Ó mọ̀ pé kí òun kọ ọ̀rọ̀ kan kún ìlà náà, kí òun mú lẹ́tà rẹ̀ nípọn, kò ní gbà ju ìgbà tí ènìyàn fi ń jẹun lọ. Lọ́jọ́ kejì tó débi iṣẹ́, kò fọwọ́ kan fáìlì náà rárá.

Kaothar kì í wá síbi iṣẹ́ ní Sátidé. Fọlọ́runṣọ́ nìkan ló jókòó síwájú kọ̀ǹpútà láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí Màmá ti pàṣẹ. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi í ṣọ́ nǹkan yìí, kò gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn ẹ̀rọ kankan mọ́. Inú ló ń bí i. Fáànù inú ẹ̀rọ kejì dúró, ooru inú rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Ìlà pupa jáde, òmíràn tẹ̀ lé e, wọ́n ń jáde bẹ́ẹ̀ níwájú rẹ̀ tó ń mu tíì. Nígbà tí Múyì lọ gbé àwo ẹyin lọ́sàn-án ló fọwọ́ kan ilẹ̀kùn náà, tó sì fà á padà kíá. Wọ́n fọ́ ẹyin kan. Òròmọdìẹ inú rẹ̀ ti hu ìyẹ́, ó ti kú. Wọ́n fọ́ òmíràn, bákan náà ni.

Ní Mọ́ńdè, Màmá Títíladé pè wọ́n síwájú kọ̀ǹpútà.

"Nǹkan rẹ̀ yìí kò sọ ohunkóhun, Mà," Fọlọ́runṣọ́ wí. "Iwájú rẹ̀ ni mo jókòó sí láti àárọ̀ Sátidé."

"Ó sọ ọ́, Mà." Kaothar yí ìlà ọjọ́ Sátidé padà sókè. Pupa kún ojú kọ̀ǹpútà. "Ẹ wò ó."

"Irọ́ ni. Àárọ̀ yìí ló kùn ún, kó lè di ẹ̀bi lé mi lórí. Oníbàjẹ́ ọmọ ni."

Kaothar kò bá a jiyàn. Ó tẹ ọ̀rọ̀ díẹ̀, ìlà méjì sì jáde, ọ̀kan lórí èkejì: Ẹ̀rọ Kejì, Ẹ̀rọ Kejì. Ó yí aga rẹ̀ padà.

"Ẹ bá mi fi han Màmá, sà. Èwo ló pupa níbẹ̀?"

"Èmi kì í ṣe ọmọ iléèwé rẹ."

"Dá a lóhùn, Fọlọ́runṣọ́," Màmá wí.

Ọkùnrin náà tẹjú mọ́ ọn. Òógùn bọ́ sí i létí. Ó na ìka sí ti ìsàlẹ̀. Ti òkè ló pupa. Múyì gbójú sílẹ̀ bí ẹni tó rí ìhòòhò àgbà.

"Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn, Mà," Fọlọ́runṣọ́ wí. "Òun ló lé mi nídìí iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ìyàwó mi nìkan ló mọ̀."

Kaothar rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ni Màmá kọjú sí.

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Mo rí wọn lọ́jà, Mà. Ní Ọjọ́bọ̀."

"Ọjọ́bọ̀ tó ṣíwájú Sátidé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Títún un ṣe, ṣé ó máa ń pẹ́?"

Kaothar fẹ́ purọ́. Kò rí ẹnu pa á. "Kò pẹ́, Mà."

"O mọ̀ pé kò rí i, o sì jẹ́ kó jókòó síwájú rẹ̀." Màmá kò gbé ohùn sókè. "Ìwọ náà lo pa ẹyin mi. Ìwọ Fọlọ́runṣọ́ ńkọ́? Ó tẹ́ ọ lọ́rùn kí ẹyin kú ju kí a mọ ohun tó ń ṣe ọ́. Tí mo bá lé ọ̀kan, mo ní láti lé èkejì. Ẹ jókòó kí ẹ tún un ṣe. Ẹni tó bá dìde kó tó parí, kó kọjá sílé."

Wọ́n jókòó. Kaothar ṣí fáìlì náà. Gbogbo irú ọ̀rọ̀ tí ètò náà ń sọ ló ní àyè tirẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀ àti bí lẹ́tà rẹ̀ yóò ṣe rí. Ó kọ GBÓNÁ JÙ síwájú ìlà ewu, ó fi nọ́ńbà ooru tì í.

"Ṣé ẹ rí i, sà?"

"Ó dàbí ti òkè rẹ̀. Ó sì ṣókùnkùn."

Ó mú lẹ́tà náà nípọn. Ọkùnrin náà mi orí. Kaothar fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

"Ìlà yẹn tín-ín-rín jù. Ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà kò ní rí i."

Ó yí i padà, kí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà di funfun, kí lẹ́tà di dúdú. Fọlọ́runṣọ́ tẹ̀ síwájú.

"Ìyẹn," ó wí. "Yọ pupa. Yọ àwọ̀ ewé náà. Mo mọ búlúù, mo mọ yẹ́lò."

"Mo ti yọ wọ́n, sà."

"Má bá mi sọ ju èyí tí a ń ṣe lọ."

Wọ́n parí lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Múyì gbé omi gbígbóná sínú ẹ̀rọ kan láti dán an wò, ìlà funfun gbalẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Fọlọ́runṣọ́ kà á sókè láti ẹnu ọ̀nà, ó sì jáde. Kaothar tẹ̀ lé e, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Ohun tí mo ṣe kò dára."

"Ti ẹyin ni, àbí tèmi?"

"Méjèèjì, sà."

"Ti ẹyin, Màmá ni kí o bẹ̀." Ó ń fọ ọwọ́ nídìí ẹ̀rọ omi, kò wo ẹ̀yìn. "Tèmi, o ti fi mí ṣe ìran. Dìde, ilẹ̀ tutù."

Kaothar ṣì ń kí i láràárọ̀. Yóò ní "hẹn," yóò kọjá lọ. Bí ìlà funfun bá yọ, yóò dìde lọ tún ẹ̀rọ ṣe, kò ní sọ fún un. Ní ìparí oṣù, Màmá bi Kaothar bóyá àwọn méjèèjì ti rẹ́.

"Iṣẹ́ ń lọ, Mà," ni Kaothar wí.