Ẹ̀gbẹ́ Òsì

"Aláìsàn yín ti kú," ni ọ̀gá dókítà wí. Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín, nítorí ọmọlangidi onírọ́bà ni aláìsàn náà, ó sì ti ń kú lórí tábìlì ìdánrawò yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á.

Dókítà tí wọ́n ń pè ní Àkànṣe nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Òun ló ki rọ́bà ìmí bọ ọmọlangidi náà lọ́fun. Ó tì í wọlé jù, afẹ́fẹ́ wá ń lọ sí ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún nìkan.

"Ẹ̀gbẹ́ òsì kò gbéra rárá," ni ọ̀gá wí. "Ṣé kò sẹ́ni tó rí i nínú gbogbo yín?"

Àgbà rí i. Ẹ̀gbẹ́ àyà ọmọlangidi náà gan-an ló dúró sí. Ó kàn pa ẹnu mọ́ ni, inú rẹ̀ sì ń dùn.

Kí ló fẹ́ dé tí inú rẹ̀ kò ní í dùn? Òun ló pẹ́ jù nínú àwọn dókítà tó ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú pàjáwìrì níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Àgbà. Òun ló kọ́ Àkànṣe bí wọ́n ṣe ń di irin oníná tí wọ́n fi ń gbé ahọ́n sókè mú, nígbà tí ọmọbìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àfi bí ọmọbìnrin náà ṣe di ààyò gbogbo èèyàn. Ẹ̀jẹ̀ ń dà, Àkànṣe dà? Aláìsàn ń jà, ẹ pe Àkànṣe! Àwọn nọ́ọ̀sì ló fún un lórúkọ yẹn. Ó ń jowú ọmọ náà, kò sì fi pa mọ́ fún ara rẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọ̀gá fẹ́ yan olórí ikọ̀ tuntun, ọkọ Àgbà sì ti ń pè é ní Màdáámù Olórí nílé. Báwo ló ṣe fẹ́ délé lọ sọ pé ọmọ àná ló gba ipò náà?

"Pẹ̀lẹ́, àbúrò," ni Àgbà wí, pẹ̀lú ohùn tó dùn ju bó ṣe yẹ lọ. "Ó máa ń ṣẹlẹ̀."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi." Àkànṣe wo ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Wọn kò tíì jẹun ọ̀sán tán tí wọ́n fi gbé awakọ̀ kan dé. Mọ́tò rẹ̀ ti forí sọ ògiri, kò sì lè mí dáadáa mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ń sáré tẹ̀lé wọn, bàtà ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́.

"Ẹ bá mi dá a sí o! Ẹ má jẹ́ kó lọ!"

Nọ́ọ̀sì kan mú un jókòó sẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ọ̀gá dúró síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó káwọ́ sẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn: ẹni tó bá ń darí kì í fọwọ́ kan nǹkan kan, kí ojú rẹ̀ lè ráyè.

"Àkànṣe, ìwọ lo máa ti rọ́bà wọlé."

Ọ̀rọ̀ náà gún Àgbà láyà. Lẹ́yìn ohun tó ṣe láàárọ̀?

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró tì mí," ni Àkànṣe wí. "Ẹ bá mi wo àyà rẹ̀."

Rọ́bà wọlé. Àkànṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àpò afẹ́fẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún gbéra, ti òsì kò gbéra.

Àgbà la ẹnu, ohùn kò jáde. Kì í ṣe pé ó fẹ́ kí ọkùnrin náà kú, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti fi ọmọlangidi kọ́ ẹnu rẹ̀ ní dídákẹ́ láàárọ̀, ẹnu náà kò sì tíì gbàgbé. Ó ń retí kí ọ̀gá rí i fúnra rẹ̀, kó sì jágbe mọ́ Àkànṣe.

"Bàbá Ìbejì!" ni ìyàwó náà ń ké lẹ́yìn aṣọ ìkélé. "Bàbá Ìbejì, dá mi lóhùn!"

"Òsì!" Àgbà pariwo. "Òsì kò gbéra! Fà á sẹ́yìn díẹ̀!"

Àkànṣe fà á. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gbéra pọ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé awakọ̀ náà lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, ọ̀gá yíjú sí wọn. "Ta ló ní kí Àgbà dúró síbẹ̀?"

"Èmi ni, sà," ni Àkànṣe dáhùn.

"Àkànṣe, olórí tó ń wá ojú kejì là ń fẹ́. Ìwọ ni olórí ikọ̀." Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nídìí omi ìfọwọ́, Àgbà kò lè gbójú sókè.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Àkànṣe sọ pẹ̀lẹ́, "mo rí ojú yín láàárọ̀. Ẹ ti rí i kí ọ̀gá tó sọ̀rọ̀."

Àgbà ti omi pa. "Kí ló wá dé tó o ṣì fi ní kí n dúró tì ẹ́?"

"Torí pé ẹ̀yin lẹ rí i."

Ì bá tiẹ̀ sàn fún Àgbà kí ọmọ náà bú u.

"Inú ṣì ń bí mi sí ẹ," ló wí níkẹyìn.

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó dáa. Lọ gbé ọmọlangidi yẹn jáde."

"Nísinsìnyí?"

"Nísinsìnyí. Ìwọ á máa ti rọ́bà wọlé jù, èmi á máa pariwo."