Póìntì Méjì Nínú Ìdíje Ilé-Yá

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ fẹ́ sọ gbọ̀ngàn ìṣeré tuntun lórúkọ, wọn kò sì fẹnu kò. Àwọn kan ní Ìjì ni kí wọ́n fi pè é, àwọn yòókù ní Adákẹ́ ni. Ọdún méje ni àwọn méjèèjì fi jọ gbá bọ́ọ̀lù nínú ẹgbẹ́ kan náà. Ìjì a máa fò, a máa pariwo, a máa nàka sí èrò ìwòran. Adákẹ́ ní tirẹ̀, tó bá ju bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀ tán, a yíjú padà bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Nígbà tí àríyànjiyàn fẹ́ dìjà, alága ní kí wọ́n fi ìdíje ilé-yá wọn àwọn méjèèjì wò. Ìdíje tí ẹgbẹ́ tó bá ti fìdí rẹmi níbẹ̀ ti parí ọdún rẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, nítorí ilé yá fún un nìyẹn. Alága ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ la fi ń mọ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbọ̀n.

"Ẹ jẹ́ kí Akọ̀wé bá wa ṣírò ẹ̀," ni wọ́n wí.

Akọ̀wé ni obìnrin tó ń jókòó nídìí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, tó ń kọ iye póìntì tí oníkálùkù bá jẹ. Ọdún kejìdínlógún rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà nìyí. Kò sẹ́ni tó ń yẹ ìwé rẹ̀ wò mọ́, ohun tó bá ti kọ labẹ́ gé. Ìjì sì ni àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, tí àìsàn kíndìnrín pa lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ìgbìmọ̀ tó ní orí pípé kò ní gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún un, àmọ́ wọ́n fọkàn tán an, ìyẹn gan-an ló wá burú.

Ó kó ìwé ìdíje ilé-yá méjèèje jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ìjì máa ń gbóná láti ìbẹ̀rẹ̀. Adákẹ́ máa ń jí nígbà tó bá ti rẹ àwọn yòókù. Ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìjì ní mọ́kànléláàádọ́sàn-án, Adákẹ́ ní àádọ́sàn-án géérégé. Póìntì kan péré ni Ìjì fi borí.

Àmọ́ ìdíje karùn-ún wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n gbá lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Ìjì ju bọ́ọ̀lù, ó ta lára irin, ọwọ́ mẹ́rin fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ Adákẹ́ ló tì í wọlé. Akọ̀wé rí i kedere. Ṣùgbọ́n gbogbo gbọ̀ngàn ń ké "Ìjì! Ìjì!", pẹ́ńsùlù rẹ̀ sì bá ariwo lọ, ó kọ póìntì méjì náà fún Ìjì. Kó tó pè é padà, rẹfirí ti buwọ́ lùwé. Òfin ní kí akọ̀wé tó bá ṣàṣìṣe jẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Kò jẹ́wọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, àwòrán Ìjì ti wà nínú ìwé ìròyìn, ìyá wọn ti gé e, ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ta ló láyà láti lọ já a?

Ó kó ìwé náà sábẹ́ apá, ó gba ilé ìyá rẹ̀ lọ. Màmá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń rán ìṣẹ́tí aṣọ tó fẹ́ wọ̀ lọ síbi ìṣílé gbọ̀ngàn náà.

"Ṣé wọ́n ti kọ orúkọ ọmọ mi sí i?"

"Màmá, èmi ni wọ́n ní kí n ṣírò ẹ̀."

"Kí lo tún wá ń ṣírò?"

Akọ̀wé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ọmọdé, ó sì rò fún un látòkè délẹ̀. Abẹ́rẹ́ ìyá rẹ̀ kò dúró.

"Mo mọ̀," ni Màmá wí.

"Ẹ mọ kí ni?"

"Ọjọ́ yẹn gan-an ló sọ fún mi. Ó wọlé, kò jẹun. Ó ní, 'Màmá, Sístà kọ bọ́ọ̀lù Adákẹ́ fún mi o.' Mo ní kó lọ sọ fún wọn. Ó ní tóun bá sọ ọ́, wọ́n á ní torí pé o jẹ́ ẹ̀gbọ́n òun lo ṣe ṣe é, wọ́n á lé ẹ dànù. Ó wá lọ bẹ Adákẹ́ pé kó má sọ. O ò rí i pé tí àbúrò ẹ bá wá síbí, ẹ̀yìn ló máa ń kọ sí àwòrán yẹn?"

Akọ̀wé yíjú sí àwòrán ara ògiri náà. "Ẹ sì jẹ́ kí n máa gbé e kiri látọjọ́ yìí?"

Ìgbà yẹn ni abẹ́rẹ́ náà tó dúró. "Mo rò pé o ò mọ̀ ni. Àwa méjèèjì rò pé ojú ẹ ló ṣì í rí."

Akọ̀wé gbé ìwé náà lé orí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Tí mo bá sọ ọ́, Màmá, wọn ò ní kọ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀ mọ́."

"Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ṣebí o mọ ìyókù. Ohun tó ń ti ọmọ mi lójú nígbà tó wà láyé, ṣé òun ni wọ́n máa wá gbé kọ́ sókè nígbà tí kò sí mọ́? Lọ sọ ọ́." Omi ti dé ojú rẹ̀, kò sì nù ún.

Lọ́jọ́ kejì, Akọ̀wé dúró níwájú ìgbìmọ̀. Adákẹ́, tó ti di wẹ́dà báyìí, jókòó lẹ́yìn pátápátá. Akọ̀wé kà á fún wọn pé Adákẹ́ ló borí, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì sọ pé òun ti mọ̀ láti ọjọ́ náà. Alága wolẹ̀. Akọ̀wé tó bá mọ̀ tó sì dákẹ́ kò ní ìjókòó nídìí tábìlì mọ́, gbogbo wọn ló mọ òfin náà. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni la ẹnu sọ ọ́, ó ti gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù kalẹ̀, ó jáde.

Adákẹ́ sáré tẹ̀ lé e. "Àǹtí, kí ló dé tẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀? Mo ti ṣèlérí fún un pé wọn ò ní gbaṣẹ́ lọ́wọ́ yín tìtorí tèmi."

"O ti mú ìlérí ẹ ṣẹ. Èmi ò bá ẹnì kankan ṣàdéhùn."

"Póìntì méjì péré, Àǹtí!"

Akọ̀wé fi orí ti ògiri gbọ̀ngàn tuntun náà, ó bú sẹ́kún. Kì í ṣe tábìlì ló ń sunkún sí. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni òun àti àbúrò rẹ̀ fi jọ ń jókòó sí pálọ̀ ìyá wọn, tí oníkálùkù ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ yìí má bàa já bọ́, tí oníkálùkù gbà pé èkejì lòun ń dáàbò bò.