Ewúro Tí Morádéún Jẹ́ Kó Tanná

Nígbà tí Morádéún kọ́kọ́ gbin elégédé sí ẹ̀yìnkùlé ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ háyà ní Ajégúnlẹ̀, gbogbo ará ilé ló ń yìn ín. Kí òjò ọdún 1987 tó dáwọ́ dúró, ìtàkùn náà ti gun ọgbà páànù, ó ti bo òkìtì búlọ́ọ̀kù tí onílé kó jọ síbẹ̀, ó sì ń yọ òdòdó pupa rúsúrúsú káàkiri. Ṣùgbọ́n kò so. Ọmọ rẹ̀ á yọ lábẹ́ òdòdó, á tó àtàǹpàkò, á pọ́n, á sì já bọ́.

"Akọ elégédé lo gbìn, Ìyá Tóbi," ni Reuben ọkọ rẹ̀ máa ń wí bó bá ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní wọ́ọ̀fù dé. "Lọ ra tìẹ lọ́jà bí àwọn èèyàn ṣe ń rà á."

Morádéún á kàn rẹ́rìn-ín. Ìgbòho ni wọ́n bí i sí, inú oko ló sì gbé dàgbà. Kò sí ohun tó ń dùn mọ́ ọn tó kó jẹ ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, ó gbé àpótí lọ sídìí elégédé, ó jókòó. Òdòdó ṣí níṣojú rẹ̀, oòrùn mú, òdòdó tún padé. Kòkòrò kankan kò yà síbẹ̀. Ìgbà yẹn ló rántí pé ní Ìgbòho, ẹnikẹ́ni kì í ki ọwọ́ bọ òdòdó elégédé láìkọ́kọ́ gbọ̀n ọ́n, kí oyin má baà ta á. Níbí, ariwo ọkọ̀ akẹ́rù láti Malu Road àti eruku símẹ́ńtì nìkan ló ń wọlé tọ̀ wọ́n wá. Kò sí igi, kò sí òdòdó mìíràn. Kí ni oyin fẹ́ wá jẹ?

Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi ìyẹ́ adìyẹ gbo lẹ́búlẹ́bú inú akọ òdòdó, ó fi ra abo. Elégédé yẹn kò já bọ́. Ó dàgbà, wọ́n sì jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ tàìpíìsì ní ọ́fíìsì kan ní Wharf Road kò lè máa sọ fún ọ̀gá rẹ̀ lójoojúmọ́ pé òdòdó ni òun ń fọwọ́ ra tí òun fi pẹ́ dé.

Nínú ọyẹ́ ọdún náà, wọ́n rán an níṣẹ́ lọ sí Warehouse Road. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ìkẹ́rùsí kan, ó gbọ́ ìró kan tó mọ̀ láti kékeré. Ó wòkè. Igi ewúro ni, ó ga ju orí rẹ̀ lọ. Nítorí pé etí gọ́tà ló hù sí, ẹnikẹ́ni kò já ewé rẹ̀ rí. Eruku bò ó, gọ́tà náà ti gbẹ, síbẹ̀ òdòdó funfun wínníwínní kún orí rẹ̀ bámúbámú, oyin sì ń hó lára rẹ̀ bí omi inú ìkòkò.

Diepreye, ọkùnrin Ijaw tó ń ṣọ́ géètì ibẹ̀, sún mọ́ ọn. "Madam, ṣé ewé lẹ fẹ́ já? Èyí kò dáa fún ọbẹ̀ mọ́ o, ó ti tanná."

"Òdòdó yẹn gan-an ni mò ń wò, ẹ̀gbọ́n. Bí òjò bá dé, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi gé igi níbẹ̀?"

"Igi lásán? Ìyẹn kò nira."

Òjò dé, Diepreye sì mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Morádéún fi ìwé ìròyìn wé àwọn igi náà, ó kó wọn wọ bọ́ọ̀sì, ó rì wọ́n mọ́lẹ̀ sí ẹ̀bá ọgbà àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíṣìnì. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi rúwé.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Obiageli, ìyá Amaka, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwọn, rí ewé tútù, ó sì pàtẹ́wọ́. "Mama Tóbi! Onugbu, ọbẹ̀ ewúro wa, ti dé nìyẹn!"

"Ìyá Amaka, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì já a."

"Ṣé ẹ fẹ́ tà á ni?"

"Rárá o. Mo fẹ́ kó tanná ni, kí oyin lè máa wá."

"Ewúro tanná? Abeg, who dey chop flower?" Obiageli rẹ́rìn-ín títí, ó wọlé lọ.

Lọ́jọ́ kan tí Morádéún ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá gbogbo orí ewúro ní rírẹ́, òórùn ọbẹ̀ sì gba ilé kan. Inú bí i débi pé kò lè jẹun. Àfi ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ tó lọ kan ilẹ̀kùn Obiageli, tó sì fi sùúrù ṣàlàyé ọ̀rọ̀ elégédé fún un, ti ọmọ tó ń já bọ́ àti ti òdòdó tí kò rí àlejò. Obiageli gbọ́ ọ títí dé òpin. Ojú tì í díẹ̀.

"Ẹ kò sọ ọ́ báyìí fún mi tẹ́lẹ̀," ló wí. "Èmi rò pé ahun lẹ ń ṣe."

Wọ́n pín in. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíṣìnì di ti ọbẹ̀, èyí tó wà lẹ́bàá ọgbà di ti oyin. Obiageli fúnra rẹ̀ ló ya aṣọ pupa, tó so ó mọ́ ti oyin, ó ní kí ọwọ́ òun má baà ṣìnà.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó tẹ̀ lé e le gan-an. Ẹ̀rọ omi kò yọ mọ́, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí Reuben gbìn gbẹ, ata gbẹ. Omi tí wọ́n fi fọ abọ́ ni Morádéún ń dà sídìí elégédé. Ewúro kò gba ẹ̀kán omi kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ bí ọyẹ́ ṣe ń fẹ́, bẹ́ẹ̀ ló ń tanná. Oyin méjì-mẹ́ta ló kọ́kọ́ wá. Nígbà tó yá, labalábá dé, àwọn kòkòrò dúdú kéékèèké tí kò mọ orúkọ wọn náà dé. Láti ara ewúro, wọ́n ń yà sínú òdòdó elégédé bí ẹni ń ti yàrá dé yàrá. Ọmọ elégédé yọ, kò sì já bọ́. Reuben lóṣòó, ó ń fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àfi bí oyin ṣe ta Bàbá Àkànó, onílé wọn. Bàbá ń run orín lábẹ́ ewúro lówùúrọ̀ Sátidé, ó fọwọ́ gbá oyin kan dànù, oyin náà sì ta á ní ìpéǹpéjú. Ojú wú, ó dí pátápátá. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kejì gan-an ni ìdúpẹ́ àwọn àgbààgbà ìjọ rẹ̀, òun sì ni alága. Ó fi ojú kan ṣe alága. Bó ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, kò bọ́ agbádá, àdá ló kọ́kọ́ mú.

Morádéún kúnlẹ̀. "Ẹ ṣàánú mi, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí òdòdó rẹ̀ tán. Tó bá ti tán, wọn á lọ fúnra wọn."

"Kí wọ́n tó lọ, ojú kejì ńkọ́?"

Obiageli sáré jáde, ó dúró síwájú àwọn ewúro. "Bàbá, ọbẹ̀ tí mo gbé wá fún yín ní Kérésì, tí ẹ ní kí n tún bù kún un, ewúro ilé yìí ni mo fi sè é o."

Bàbá Àkànó dúró. Ó fi ojú tó là wo Obiageli, ó wo Morádéún. Morádéún gbé ewé elégédé sókè, ó fi ọmọ elégédé tó wà lábẹ́ rẹ̀ hàn án, ó ti tó ìkòkò kékeré.

"Èyí tí kì í so yẹn nìyí?" Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú agbádá lọ́rùn. "Àwọn tó ta mí yìí ló mú un so?"

"Àwọn ni, sà."

Bàbá fi àdá ti ara ògiri. Ẹ̀rín ń mú un, ṣùgbọ́n ojú tó wú kò jẹ́ kó lè rín in dáadáa. "Ẹ̀yin obìnrin wọ̀nyí," ló wí. "Ẹ sún okùn tí ẹ ń sá aṣọ sí kúrò lábẹ́ ewúro yìí, kí oyin má baà ta ẹlòmíràn. Èmi náà á wá ibòmíràn run orín mi. Tẹ́ ẹ bá sì ká a, ẹ rántí mi o."

Reuben sún okùn aṣọ lọ́jọ́ náà gan-an. Nígbà tí wọ́n ká elégédé, èyí tó tóbi jù ni Morádéún gbé lọ fún Bàbá, ó sì fi ìyókù se àsáró fún gbogbo ilé. Obiageli jẹ ẹ́, ó ní ó dùn, ṣùgbọ́n kò tó onugbu.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè kan, tí Morádéún àti Obiageli ń fọ ewúro lẹ́yìnkùlé, Ebiere tó ń gbé ilé kejì yọjú lórí ọgbà. Ó ní oyin ń wọ ọ̀dọ̀ òun náà báyìí. Ó béèrè bóyá òun lè rí igi ewúro gbìn.

"Ẹ jẹ́ kí òjò dé ná," ni Morádéún dáhùn.

Ebiere ní òun á dúró. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ lé ọgbà, wọ́n sì jọ ń tàkúrọ̀sọ títí ọmọ rẹ̀ fi pè é.