Àwọn Bọ́ọ̀lù Tí Tíṣà Silas Mú

Ọ̀wọ̀ àgbà ló kó Monílọ́lá sí wàhálà, kì í ṣe ìwé tó ń kà.

Ní yunifásítì kan ní Àkúrẹ́ ló ti ń ṣe ìwádìí bí ènìyàn ṣe ń mú ohun tó ń sáré nínú ayé inú kọ̀ǹpútà. Awò dúdú ńlá kan ni wọ́n ń dè mọ́ ènìyàn lójú. Ẹni náà á máa rí bọ́ọ̀lù tó ń fò kiri, á na rìmóòtù ọwọ́ rẹ̀ sí i, á tẹ bọ́tìnì. Èyí tó bá tẹ̀ bá ló mú. Àwọn àgbàlagbà ló kù tí kò tíì dán an wò fún un, ló bá gbé ẹrù rẹ̀ wá sí gbọ̀ngàn ìjọ wọn nílùú Oǹdó, ní òwúrọ̀ Sátidé tí àwọn ọmọ akọrin ń múra àtilọ kọrin ní Àkúrẹ́.

Bàbá rẹ̀, Tíṣà Silas, ló kọ́kọ́ jókòó. Tíṣà yìí ti kọ́ ìdajì ìlú ní ìṣirò, kò sì gbà pé nǹkan kan wà tó le. Ó tẹ bọ́tìnì, bọ́ọ̀lù ti lọ. Ó tún tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ ló mú. Àwọn ọmọ akọrin fọwọ́ bo ẹnu. Ta ló fẹ́ kí ọmọdé máa fi bàbá òun rẹ́rìn-ín? Monílọ́lá rọra dín eré àwọn bọ́ọ̀lù náà kù títí wọ́n fi ń rìn bí ìgbín. Tíṣà yí orí kiri, ó wá wọn rí, ó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ni gbogbo gbọ̀ngàn bá pàtẹ́wọ́.

Ibi tọ́rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Tíṣà ṣí awò lójú, ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Monílọ́lá, o rí i báyìí? Ìwọ tó ní n kò gbọdọ̀ wa mọ́tò mọ́!"

Ọjọ́ tó fi ẹ̀gbẹ́ òsì mọ́tò ha ògiri aládùúgbò, tó ní ògiri ló wá bá òun, ni obìnrin náà ti fòfin dè é. Ṣùgbọ́n awakọ̀ ìjọ kò yọjú, Lawrence, olórí akọrin, sì ti ń wo aago.

"Ẹ kúkú bá wa wa bọ́ọ̀sì, sà. Ẹ̀rọ ti jẹ́rìí yín." Ó na kọ́kọ́rọ́ sí i.

 Monílọ́lá rò ó bí ọlọ́kadà ṣe ń já wọ títì lójú ọ̀nà Àkúrẹ́. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Mo dín eré àwọn bọ́ọ̀lù yẹn kù fún yín ni."

"Ìyá rẹ ló rán ọ." Tíṣà fi ìbínú rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Dá a padà sí bó ṣe wà, kí gbogbo ayé rí i."

Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń de awò náà padà mọ́ bàbá rẹ̀ lójú. Ó dá eré padà. Ohun tó yẹ kí Tíṣà máa rí ni gbogbo wọn ń rí lójú kọ̀ǹpútà. Bọ́ọ̀lù pupa kan gba apá òsì wọlé, ó fò kọjá. Òmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé ìyẹn, apá òsì náà ni, kò sí èyí tó dé apá ọ̀tún. Tíṣà jókòó ṣánṣán, ó gbé rìmóòtù sókè, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò mira.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Lawrence rọra ti kọ́kọ́rọ́ bọ àpò.

"Monílọ́lá," ni Tíṣà wí, "kí lò ń dúró dè? Mo ti ṣetán. Tàn án."