Jíà Ọlọ́wọ́ Tó Kẹ́yìn

"Ka ìlà kẹrin yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i," ni ọ̀gá wí.

Onísùúrù tún gbé lẹ́tà náà sójú. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni, àwọn méjèèjì nìkan ló sì wà nínú ọ́fíìsì onígíláàsì tó kọjú sí gbọ̀ngán ìpàtẹ ọkọ̀. "Láti ọdún tuntun lọ, ọkọ̀ asáré wa kò ní jíà ọlọ́wọ́ mọ́. Ọtọmátíìkì nìkan la ó máa ṣe."

"Èyí tó tẹ̀ lé e ńkọ́?"

"Iye owó rẹ̀ á fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé sí i."

Ọdọọdún ni irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ń wá láti ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ náà. Lọ́dún kan, wọ́n á pààrọ̀ iná iwájú. Lọ́dún kejì, wọ́n á fi ìwọ̀n ìka kan kún sikirínì, tàbí kí wọ́n wá àwọ̀ kan tí ẹnu ò lè pe orúkọ rẹ̀ tán. Bó ti wù kó rí, owó ò ní ṣàì gòkè. Àwọn tó ń tà á máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ láàárín ara wọn pé ìyàwó àná ló tún tọ́ tìróò tí wọ́n ní ìyàwó tuntun ló dé. Àmọ́ lẹ́tà ọdún yìí kì í ṣe ti yẹ̀yẹ́. Jíà ọlọ́wọ́, èyí tí awakọ̀ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí bó bá ti fi ẹsẹ̀ òsì tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ti dópin. Ohun tó bá sì ti dópin, owó rẹ̀ kì í ṣe ti àná mọ́.

Ọ̀gá ti ilẹ̀kùn gíláàsì pa. "Ẹyọ kan ló kù lọ́wọ́ wa tó ní jíà ọlọ́wọ́, ó wà ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn. Agbaṣẹ́ṣe kan tó ń la títì, oníbàárà wa, pè mí lánàá. Ó ti gbọ́ ìròyìn yìí kí èmi gan-an tó gbọ́ ọ. Ó ní iye ọdún tuntun lòun máa san, òun á sì tún fi ìdajì rẹ̀ lé e."

"Ọkọ̀ yẹn ti lólúwa, sà. Ti ìyá agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì yẹn ni."

"Mo mọ̀."

"Oṣù mẹ́rìnlá ni wọ́n ti ń retí ẹ̀. Ọjọ́ Ajé ló dé. Mo fẹ́ pè wọ́n lónìí kí wọ́n wá gbé e ni."

"O ò tíì pè wọ́n?"

"Rárá, sà. A ní ká fọ̀ ọ́, ká yẹ̀ ẹ́ wò ná."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Òun ló gbé owó kalẹ̀ nígbà tí Onísùúrù wà nílé ìwòsàn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, kò sì bi í léèrè rẹ̀ rí. Àmọ́ láti ìgbà tí àwọn tó ni iṣẹ́ ti ń fún un ní iye tó gbọ́dọ̀ tà lóṣù, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Ojú ẹni tí òjò ń lé bọ̀ ló máa ń ní. "Nígbà náà, ó ti rọrùn. Pè wọ́n báyìí. Sọ fún wọn pé ilé-iṣẹ́ ti jáwọ́ nínú irú èyí tí wọ́n bèèrè. Kí wọ́n mú tuntun, tàbí kí wọ́n gba àsansílẹ̀ wọn padà."

"Àmọ́ tiwọn ti dé kí lẹ́tà yìí tó dé, sà."

"Ta ló mọ̀?"

Onísùúrù ká lẹ́tà náà sí méjì.

"Ìwé tí wọ́n bu ọwọ́ lù sọ pé ilé-iṣẹ́ lè yí irú ọkọ̀ padà nígbàkigbà," ni ọ̀gá tẹ̀ síwájú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ilé-iṣẹ́ ti yí i. Irọ́ wo ló wà níbẹ̀? Wò ó, ìwé ipò olórí ọjà títà wà lórí tábìlì mi yìí. Orúkọ rẹ ló wà nínú ẹ̀. Ọ̀la ni mo fẹ́ bu ọwọ́ lù ú. Má jẹ́ kí n ro ó lẹ́ẹ̀mejì."

Onísùúrù ni gbogbo ibi iṣẹ́ ń pè é, nítorí pé láti ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń ta ọkọ̀ níbẹ̀, kò sí ẹni tó gbọ́ kó gbé ohùn sókè sí oníbàárà rí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fi ipò yẹn fún ẹlòmíì lójú rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ olùkọ́, ti lọ gba ilé tó fẹ̀ díẹ̀ sí i ní ìrètí owó oṣù tuntun. Láàárọ̀ yìí gan-an, kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́, àwọn méjèèjì jọ dúró nínú yàrá òfìfo ilé náà, ọkọ ń wọn fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó.

Ó gbé fóònù. Ọ̀gá nawọ́ tẹ̀ ẹ́ kí ohùn máa jáde síta.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé ìròyìn ayọ̀ ni?"

Ó fẹ̀jẹ̀ sínú, ó tutọ́ funfun. Ó sọ ọ́ gẹ́lẹ́ bí ọ̀gá ṣe ní kó sọ ọ́: ọdún ti yí, ilé-iṣẹ́ ti dá a dúró, wọ́n sì tọrọ àforíjì.

"Wọn ò wá ṣe tèmi rárá nìyẹn?"

"Wọn ò ṣe é mọ́, mà."

"Hẹn-ẹn. Ó dáa. Àwọn ọmọ mi ò tiẹ̀ fẹ́ kí n rà á tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní eegun ìbàdí mi ò ní lè bọ́ sínú ohun tó fẹ́ fi ìdí họlẹ̀ yẹn. O ṣeun tó o fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún mi. Ẹlòmíì, ìwé ni ì bá kọ."

Fóònù kú. Ọ̀gá fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. "O ṣe é dáadáa," ló wí, ó sì jáde lọ pe agbaṣẹ́ṣe.

Onísùúrù lọ fọ ojú nílé ìwẹ̀, kò mọ ìdí tó fi ń fọ ọwọ́ náà. Nígbà tó ń padà, ó gba wọ́kíṣọ́ọ̀bù kọjá. Ọkọ̀ náà wà níbẹ̀, ó pẹlẹbẹ, ó dúdú bí omi inú kànga, ìjókòó méjì péré. Mẹ́káníìkì ń fi aṣọ rírọ̀ nu ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Ṣé màmá ń bọ̀ lónìí?" ni mẹ́káníìkì bi í.

"Ṣì dúró ná."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n yára. Bí mo ṣe ń nù ún yìí, ó ti fẹ́ wọ̀ mí lójú."

Kò rẹ́rìn-ín. Nǹkan tí ìyá agbẹ̀bí sọ fún un ní oṣù mẹ́rìnlá sẹ́yìn ló ń rò. Nígbà tí ìyá náà wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlélógún, dókítà kan nílé ìwòsàn wọn ní ọkọ̀ asáré. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa fà sí i lára sì wà nílé ìwòsàn kejì. Ọwọ́ dókítà wà lára aláìsàn, kò lè kúrò. Ó ju kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ sí ìyá náà, ó ní, "Lọ gbé e wá." Kò tíì wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní ní gbogbo ìgbà tóun bá yí jíà lọ́jọ́ náà, ńṣe ló dà bíi pé òun ń fi ọwọ́ ara òun fa obìnrin náà padà. Obìnrin náà yè. Ó lé lógójì ọdún tí ìyá náà fi gbẹ̀bí lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ta ilẹ̀ kan, ó ní òun fẹ́ ra ọkọ̀ tó ní jíà ọlọ́wọ́ kí òun tó kú.

Aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn gbọ̀ngán ṣí, tí ìyá agbẹ̀bí fúnra rẹ̀ wọlé. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, bàtà pẹlẹbẹ ló wọ̀. Onísùúrù lọ pàdé rẹ̀.

"Mo ní kí n wá fojú ara mi rí tuntun yẹn," ni ìyá náà wí. "Ẹni tí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀, ó yẹ kó rí èyí tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò."

Onísùúrù mú un lọ sídìí ọkọ̀ ọdún tuntun tó wà láàárín gbọ̀ngán. Nínú ọ́fíìsì gíláàsì, ọ̀gá dìde dúró, ó ń wò wọ́n. Ìyá náà rọra bọ́ sínú ọkọ̀, ó di sitiárì mú. Onísùúrù ń ka àwọn ohun tuntun inú rẹ̀ fún un bí ọmọ iléèwé: iná tuntun, àga tó ń gbóná fúnra rẹ̀, sikirínì tó ń gbọ́ ohùn. Ẹsẹ̀ òsì ìyá náà ń rìn kiri lórí ilẹ̀ ọkọ̀, ó ń wá ohun tí kò sí níbẹ̀.

"Wá jókòó," ni ìyá náà wí, ó tọ́ka sí àga kejì. "Pa ilẹ̀kùn dé."

Onísùúrù jókòó, ó pa á dé. Ariwo gbọ̀ngán dákẹ́ lójijì. Fóònù ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n. Ọ̀gá ló kọ̀wé: *Agbaṣẹ́ṣe ń bọ̀ ní aago méjì. Tètè parí pẹ̀lú màmá.*

"Ohùn rẹ ló gbé mi wá," ni ìyá agbẹ̀bí wí. Kò wò ó, iwájú ló kọjú sí. "Mo ti bi ọ̀pọ̀ obìnrin léèrè ọ̀rọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ṣé o lo oògùn rẹ? Ṣé ọmọ ń mira? Ta ló lù ọ́? Mo mọ bí ohùn ṣe ń rí tí èèyàn bá ń sọ ohun tí wọ́n fi sí i lẹ́nu. Mi ò ní pariwo. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni. Ṣé wọ́n ṣe tèmi kí wọ́n tó jáwọ́?"

Onísùúrù wo ọ́fíìsì gíláàsì. Ọ̀gá rọra mi orí sí i, bí ẹni tó ń gbà á níyànjú. Ó rántí fèrèsé, ó rántí ẹ̀rín ọkọ rẹ̀. Ó rọrùn kó tún sọ ohun tó ti sọ láàárọ̀. Irọ́ kejì kì í wúwo tó ti àkọ́kọ́. Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù.

"Wọ́n ṣe é, mà. Ó ti dé. Láti ọjọ́ Ajé ló ti wà lẹ́yìn ilé níbí."

Ìyá náà mí sínú. "Láàárọ̀ ńkọ́, o mọ̀?"

"Mo mọ̀, mà."

Ìyá agbẹ̀bí ṣílẹ̀kùn, ó jáde. "Mú mi débẹ̀."

Wọn ò tíì rìn dé ẹnu ọ̀nà wọ́kíṣọ́ọ̀bù tí ọ̀gá fi lé wọn bá. Ó kí ìyá náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé nǹkan ti yí padà, pé ìwé sọ báyìí, pé iye owó àtijọ́ ò lè dúró mọ́. Ìyá náà gbọ́ ọ dé òpin.

"Ọ̀gá, ìwé yẹn wà nílé mi, mo ti kà á ju bí mo ṣe ń ka ìwé àdúrà lọ. Ó ní ẹ lè yí ohun tí ẹ máa ṣe padà. Kò ní ẹ lè ta ohun tí ẹ ti ṣe fún mi. Bí mo bá purọ́, kí agbẹjọ́rò yín wá sọ bẹ́ẹ̀ lójú tèmi."

Ọ̀gá yíjú sí Onísùúrù. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ìwọ lo máa kọ ìwé ìfàlélọ́wọ́. Bí o bá bu ọwọ́ lù ú, o mọ èyí tí èmi ò ní bu ọwọ́ lù."

"Mo mọ̀, sà."

"Àbí o fẹ́ ronú sí i?"

"Mo ti rò ó láti àárọ̀, sà. Ẹ má bínú."

Ó lọ sídìí tábìlì rẹ̀. Ó kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà àti orúkọ ìyá agbẹ̀bí sójú ìwé, ó fi iye tí wọ́n jọ fọwọ́ sí ní oṣù mẹ́rìnlá sẹ́yìn sí i, ó sì bu ọwọ́ lù ú. Ìyá náà fi fóònù rẹ̀ san owó tó ṣẹ́kù. Ọ̀gá wò wọ́n títí wọ́n fi ṣe tán. Lẹ́yìn náà, ó padà sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó gbé fóònù, ó sì kẹ̀yìn sí gbogbo gbọ̀ngán.

Àṣà ibi iṣẹ́ wọn ni pé ẹni tó ta ọkọ̀ gbọ́dọ̀ bá oníbàárà jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Onísùúrù jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìyá náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ́ńjìnnì kú mọ́ wọn lọ́wọ́ lẹ́nu géètì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbà. Ìyá náà yí jíà sí èkejì, sí ìkẹta, ọkọ̀ náà ké, ó sì gba ojú títì lọ.

Wọ́n rìn jìnnà díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

"Mi ò tíì dárí jì ọ́ o," ni ìyá agbẹ̀bí wí. "Kí ó má dà bíi pé mò ń dákẹ́ nítorí pé inú mi dùn."

"Mo gbọ́, mà."

"Kí ni wọ́n máa ṣe fún ọ?"

"Wọn ò ní lé mi. Wọ́n á kàn gbàgbé mi sórí àga tí mo wà ni."

"Àwọn ará ilé rẹ mọ̀?"

Onísùúrù mú fóònù dání. Orúkọ ọkọ rẹ̀ ti wà lójú rẹ̀, títẹ̀ ló kù. Ó wò ó títí ojú fóònù fi ṣókùnkùn. Lápá òsì títì, ògiri gígùn kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ wọn, ariwo àwọn ọmọ iléèwé ń ti inú rẹ̀ jáde.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ dúró níwájú géètì yẹn. Ibẹ̀ ni ọkọ mi ti ń kọ́ni. Mi ò fẹ́ bá a sọ ọ́ lórí fóònù."

Ìyá agbẹ̀bí dín eré kù, ó yí jíà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dúró. Kò pa ẹ́ńjìnnì. "Má sáré," ló wí. "Mo wà níbí."

Onísùúrù bọ́ sílẹ̀, ó tún aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, ó sì lọ sọ fún ọlọ́dẹ ẹnu géètì ẹni tó fẹ́ rí.