Jẹjẹrẹ Tí Wọ́n Ń Ṣọ́

...bó bá sì ti tóbi sí i ńkọ́? Bó bá ti kúrò níbi tó wà lésìí—

Má mira, Àdìó. Ọmọbìnrin tó ń darí ẹ̀rọ yìí ti kìlọ̀, ó tún bẹ̀ mí: "Papa, biko, no shake body o." Mo nà gbalaja sínú ihò funfun, ẹ̀rọ ń lù gbà-gbà-gbà létí mi. Rọ́bà kan wà lọ́wọ́ mi, tí mo lè tẹ̀ kí wọ́n fà mí jáde bí ẹ̀rù bá bà mí. Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò ní tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀ẹ̀kejì rèé. Lọ́dún tó kọjá wọ́n ya àwòrán inú mi, wọ́n fi abẹ́rẹ́ bù díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò, wọ́n ní jẹjẹrẹ ni. Kékeré, kò ju hóró ẹ̀wà lọ, níbi ẹṣẹ́ ọkùnrin tí òyìnbó ń pè ní prostate, tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀. Mo rò pé wọn ó gé e kúrò kíá. Dókítà Ifediora rẹ́rìn-ín músẹ́: "Papa, this one no dey hurry. We no go cut am. We go just dey watch am." Wọn ó máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà, wọn ó máa ya àwòrán lọ́dọọdún, wọn ó fi tuntun wé ti àtijọ́. Bó bá fẹ́ dàgbà, wọn ó tètè rí i. Ó ní iṣẹ́ abẹ lè ba nǹkan jẹ́ lára ọkùnrin... ìtọ̀ lè máa dá jáde, àti ohun kejì yẹn. Ó yé mi. Ọpọlọ mi gbà. Ọkàn mi ni... Ta ló ń gbé iná sórí òrùlé sùn?

Ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Iweka Road, ẹsẹ̀ mi á wà lórí máṣíìnì ìránṣọ, ọkàn mi á wà nísàlẹ̀ ikùn. Bí mo bá tọ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín wákàtí kan, ó ti dé nìyẹn. Bí ìbàdí bá ro mí... àmọ́ ọgbọ̀n ọdún lórí àga télọ̀, ìbàdí ta ni ò ní ro ó? Èwo ni ti iṣẹ́, èwo ni ti—

Ẹ̀yìn ríro ni mo sọ fún Súlìyát ìyàwó mi. Láàárọ̀ yìí nílé wa ní Woliwo, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà: "Bàbá Ràódàt, ẹ̀yìn wo ló ń gba àwòrán lọ́dọọdún? Ẹ jẹ́ n tẹ̀ lé yín." Mo ní kó lọ dirun fáwọn oníbàárà ẹ̀. Mo wọ kẹ̀kẹ́. Mi ò bojú wẹ̀yìn.

Mi ò fẹ́ kó sunkún ni. Mi ò fẹ́ kó máa wò mí bí ẹni tí wọ́n ti gbẹ́ sàréè sílẹ̀ fún. Mò ń dáàbò bò ó. Bẹ́ẹ̀ ni.

Bẹ́ẹ̀ kọ́.

Bọ̀dá Ìdrís... Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi. Àìsàn yìí kan náà. Nígbà tá a fi máa gbọ́ ní Ìwó, ó ti wọ eegun. Lọ́jọ́ tá a sin ín, Bílíkísù ìyàwó ẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbá bàtà ọkọ ẹ̀ mọ́yà: "Ó mọ̀! Ọdún mẹ́ta ló fi mọ̀, kò sọ fún mi!" Ọdún mẹ́ta lórí ibùsùn kan ṣoṣo. Mo bínú sí òkú lọ́jọ́ náà. Mo ní ìwà ìkà ni. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí.

Ẹ̀rọ yí ohùn padà. Ó ń kùn báyìí, ó ń kùn wọ eyín mi.

Ìwà ìkà...

Kì í ṣe ẹkún Súlìyát ni mò ń sá fún. Ohun kejì yẹn ni. Kó má baà wò mí bí ẹni tí kì í ṣe ọkùnrin mọ́, kó rò pé ó ti tán lára mi. Ojú ń tì mí. Ojú ń ti èmi àgbàlagbà, lójú obìnrin tó bímọ mẹ́rin fún mi.

Ojú ló tì í náà. Bọ̀dá mi. Kò ṣìkà. Ojú ló ń tì í, ó sì dá a gbé títí tó fi kú, èmi sì dúró lórí sàréè ẹ̀, mò ń bú u.

Ẹ forí jì mí, Bọ̀dá.

Súlìyát... jẹjẹrẹ ni. Ètè mi ló mira yẹn. Ariwo bo ohùn náà mọ́lẹ̀, àmọ́ mo sọ ọ́. Súlìyát, jẹjẹrẹ ni.

Ó ṣeé sọ.