Ẹni Tó Mú Mi Lọ Ni Yóò Mú Mi Bọ̀

Nígbà tí Láníyì ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń lu agogo ní ṣọ́ọ̀ṣì Ìdógun, wọ́n bá ìgò wáìnì oúnjẹ Olúwa ní òfìfo, ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ìjọ ń retí Bíṣọ́ọ̀bù. Ọwọ́ Láníyì àti Tíṣà Olúgbádé, tó ń darí ìjọ, nìkan ni kọ́kọ́rọ́ àpótí wáìnì máa ń wà. Tíṣà dìde níwájú Bíṣọ́ọ̀bù, ó ní Láníyì ló mu ún. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fà á lọ sí ìjókòó ẹ̀yìn, níbi tí àwọn tó wà lábẹ́ ìbáwí ń jókòó, tí wọn kì í jẹ oúnjẹ Olúwa. Bẹ́ẹ̀ ni Láníyì kò fẹnu kan wáìnì náà.

Àṣà ìjọ ni pé ẹni tó bá mú ènìyàn lọ síbẹ̀ ni yóò di ọwọ́ rẹ̀ mú padà síwájú bí ìbáwí bá parí. Ṣùgbọ́n kó tó parí, wọ́n ti gbé Olúgbádé lọ sí ìlú mìíràn. Tíṣà tuntun na ọwọ́ sí Láníyì. Láníyì ká ọwọ́ tirẹ̀ lé àyà.

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, sà. Ẹni tó mú mi lọ ni yóò mú mi bọ̀."

Wọ́n rò pé ìbínú ọmọdé ni, pé yóò rọ̀. Kò rọ̀. Bàbá Monica, ọmọbìnrin tí Láníyì fẹ́ fi ṣaya, ní òun kò ní ọmọ tí òun yóò fún olè wáìnì; Monica lọ sílé ọkọ ní Ifọ̀n. Láníyì kò fẹ́ ẹlòmíràn. Lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, òun nìkan ló ń jókòó lẹ́yìn. Bí àwọn yòókù bá ń lọ síbi pẹpẹ, alángbá ara ògiri ni yóò máa wò.

Ní ọdún 1981, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, Olúgbádé padà dé sí Ìdógun. Ó ti di alùfáà, orí rẹ̀ ti funfun, ìyàwó rẹ̀ sì ti kú. Ó rí Láníyì lórí ìjókòó yẹn, ó sì yára gbé ojú sínú ìwé orin.

Mùnírù, awakọ̀ tí ń ná Ọ̀wọ̀ sí Ìdógun, ló kọ́kọ́ tú àṣírí, níbi tó ti ń kó iṣu Láníyì sínú ọkọ̀.

"Alùfáà yín tún ní kí n bá òun ra oògùn ikọ́ bọ̀. Èmi ọmọ Alhaji! Ògógóró ni mò ń fi aṣọ wé kiri bí ọmọ tuntun!" Ó rẹ́rìn-ín, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Bíṣọ́ọ̀bù yín ń bọ̀. Gbólóhùn kan péré, o ti gbẹ̀san."

Láníyì ń pọ́n gbólóhùn náà lá títí ó fi dé oko, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìsinmi, ó rí i tí ọwọ́ alùfáà ń gbọ̀n lórí ife, tí àwọn ènìyàn kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ tí wọ́n dijú, tí wọ́n la ẹnu bí ọmọ ẹyẹ. Ó wá rántí ìka tí wọ́n nà sí òun níwájú Bíṣọ́ọ̀bù. Ṣé irú ìka yẹn ni òun náà fẹ́ nà?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó gbé iṣu sísun lọ sílé alùfáà.

"Tíṣà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o." Kò sẹ́lòmíràn tó tún ń pè é ní Tíṣà.

Alùfáà fi aṣọ bo nǹkan mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. "Láníyì. Kí lo fẹ́?"

"Mo wá jókòó."

"Jókòó ṣe kí ni?"

"Jíjókòó náà ni. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, mo sì ti mọ̀ ọ́n dáadáa."

"Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi. N kò tí ì dárí jì yín o, ẹ má ṣìnà. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní fi ọwọ́ gbígbọ̀n gbé ife Olúwa lójú mi. Ẹ gbé ohun tó wà lábẹ́ aṣọ yẹn wá."

Alùfáà kò gbé e wá. Láníyì jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó padà wá ní ọjọ́ kejì, ó tún wá. Alùfáà bú u, alùfáà lé e. Láníyì ń jẹ iṣu rẹ̀. Bí wákàtí ọtí ṣe ń kọjá nìyẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan tí òjò ń rọ̀, alùfáà fúnra rẹ̀ gbé ìgò abẹ́ aṣọ náà síwájú Láníyì.

"Láti ìgbà tí ìyá àwọn ọmọ ti lọ," ó ní, "mi ò lè gbé inú ilé yìí. Ó dákẹ́ jù."

Láníyì da ọtí náà sínú òjò. "Ilé tèmi náà dákẹ́. Ó ti pẹ́."

Alùfáà wò ó lọ. "Láníyì, ìgò wáìnì ọjọ́sí..."

"Ẹ má sọ ọ́ níbí. Ibí kọ́ lẹ ti sọ tàkọ́kọ́."

Ọjọ́ Bíṣọ́ọ̀bù pé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pín oúnjẹ Olúwa, alùfáà kúrò níbi pẹpẹ, ó ń bọ̀ láàrin ìjọ. Àwọn kan rò pé ara rẹ̀ kò yá, wọ́n fẹ́ dì í mú. Ó kọjá wọn. Ó dúró níwájú ìjókòó ẹ̀yìn, ó na ọwọ́.

"Èmi ni mo mu wáìnì náà," ó ní, tí ohùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù. "Mo mu ún tán, mo sì purọ́ mọ́ Láníyì." Láníyì di ọwọ́ náà mú, ó sì dìde.